Ìkòkò Ọṣẹ Tó Ń Sùn

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Ìyá Àgbà fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ àwọn ọmọ tó yí i ká ní àgbàlá. "Ohùn yín ò jáde. Ṣé oúnjẹ ti yó yín jù ni? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, kò bà sóko, kò bà sọ́jà, orí ìkòkò ọṣẹ kan ló lọ bà lé, àti orí ìyàwó kan tí kò lè jókòó. Ṣijúadé, fi ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ yẹn sílẹ̀. Àárọ̀ lo ti ń họ ọ́. Tìẹ náà wà nínú àlọ́ yìí."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń yá ara wọn ní igbá, ìyàwó kan wà tí ń jẹ́ Ìbídùn. Ilé ọlọ́ṣẹ ni wọ́n gbé e sí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń se ọṣẹ dúdú fún gbogbo àdúgbò. Á sun èèpo kòkó di eérú, á fi omi sẹ́ ẹ, á gbé omi eérú náà kaná pẹ̀lú àdín, á sì máa rò ó títí apá á fi fẹ́ já. Bí ó bá dì tán, á bò ó mọ́ inú ìkòkò fún ọjọ́ méje. Nílé yẹn, wọ́n ní ọṣẹ ń sùn.

"Kí ló ń sùn fún?" ni Ìdòwú béèrè.

"Ìwọ kì í sùn bí o bá ṣiṣẹ́ tán? Eérú àti àdín ṣì ń jà nínú ọṣẹ tuntun. Bí o bá fi wẹ̀ kí ìjà náà tó parí, ara rẹ ni wọ́n á ti jà á parí."

Ó di ọjọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ Ìbídùn pé àbúrò rẹ̀ bímọ ní abúlé kejì. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bo ìkòkò tuntun. Ó pe Ìbídùn.

"Ìyàwó mi, ọjọ́ méje ni n ó lò. Má ṣí ìkòkò yìí. Bí ọjọ́ bá pé tí o kò tíì rí mi, ahọ́n rẹ ni kí o kọ́kọ́ fi kàn án díẹ̀. Bí ó bá ta ọ́, bò ó padà. Bí kò bá ta ọ́, fi pa inú apá ara rẹ wò. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan ọmọ."

"Mo gbọ́, Ìyá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ kọ́ ló ń dààmú Ìbídùn, ìjókòó ni. Bí ó bá gbé iṣu kaná, á ti fi ọ̀bẹ gún un lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí omi tó hó. Bí ó bá sá aṣọ, á ti yẹ̀ ẹ́ wò kí oòrùn tó mọ̀ pé aṣọ wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ooru sú bo ẹ̀yìn Àsákẹ́, ọmọ rẹ̀ àkọ́bí, ọmọ oṣù márùn-ún. Ọmọ ò sùn, ìyá ò sùn. Ọṣẹ àtijọ́ tó kù nínú igbá kò ju èékánná lọ. Ìbídùn pọn ọmọ lọ sódò. Obìnrin kan wo ẹ̀yìn ọmọ náà, ó sì kọjú sí ẹnìkejì rẹ̀.

"Ọmọ ilé ọlọ́ṣẹ ni ara rẹ̀ rí báyìí?"

Ọ̀rọ̀ náà bá Ìbídùn délé. Ó jókòó, kò jókòó re. Ó dìde, kò dìde re. Ó lọ sídìí ìkòkò, ó padà. Ó tún lọ. Bí ó ti fọwọ́ kan ọmọrí, ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

"Ẹ bá mi gbè é. 'Jẹ́ ó sùn' ni tiyín."

Ìbídùn, má fọwọ́ kàn mí o,
— Jẹ́ ó sùn.
Eérú ń jà nínú mi o,
— Jẹ́ ó sùn.
Àdín kò tíì pẹ̀tù sí i,
— Jẹ́ ó sùn.
Ọjọ́ méje ni Ìyá dá,
— Jẹ́ ó sùn.

Ìbídùn yọwọ́. Ó jókòó, kò jókòó re. Ó dìde, kò dìde re. Ni ó bá gbójú sókè, ó rí Alángbá lórí ògiri.

"Alángbá, ìṣojú rẹ la ti se ọṣẹ yìí. Jọ̀wọ́, bá mi tọ́ ọ wò bóyá ó ti tó lò."

Kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò tọ́ ọ wò? Ó mọ̀ pé ahọ́n òun á sọ òótọ́, bí ó bá sì ti sọ òótọ́, òun ò ní lè gé ọṣẹ mọ́.

Alángbá fẹ́ràn kí wọ́n máa bi í ní ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ahọ́n rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Ìbídùn ṣí ọmọrí, Alángbá yọjú wo inú ìkòkò láti òkèèrè. "Ó ti jí. Gé e."

"Irọ́ ló ń pa," ni àwọn ọmọ wí.

"Ẹ̀yin mọ̀. Ìbídùn náà mọ̀."

Ó gé e. Ó fi kànrìnkàn hó o, ó sì fi wẹ ẹ̀yìn ọmọ. Igbe tí Àsákẹ́ ké, gbogbo adìyẹ àgbàlá ló fọ́n ká. Kí Ìbídùn tó rí omi ṣàn án, ẹ̀yìn ọmọ ti pọ́n bí ata, awọ ibì kan sì ti ń bó.

 Ohun tó wá sí Ìbídùn lọ́kàn ni ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Àpá kan wà níbẹ̀, ó funfun, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, oòrùn kì í sì í pa á dúdú. Ìyá ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé ó bá a wáyé ni. Irú rẹ̀ ni Ìbídùn rí tó ń bọ̀ lára ọmọ tirẹ̀, èyí kò sì ní jẹ́ àbáwáyé. Ọwọ́ òun ni yóò jẹ́, títí ọmọ náà á fi darúgbó.

"Ọsàn wẹ́wẹ́," ni Alángbá wí lórí ògiri. "Fún un sí i. Ohun tó bá ta ní í ṣiṣẹ́."

Ìbídùn sáré já ọsàn wẹ́wẹ́, ó sáré là á. Ó ti gbé e sókè ẹ̀yìn ọmọ nígbà tí Ìgbín yọ orí ní ìdí àmù.

"Ìbídùn, ọwọ́ rẹ ti ṣe ọ̀kan. Ṣé o fẹ́ ṣe èjì ni?"

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Omi tútù ni kí o máa dà sí i, kí ó pẹ́. Bí ara bá tù ú, fi òrí ra á fẹ́ẹ́rẹ́. Òrí nìkan. Lẹ́yìn náà, kí o jókòó."

"Kí n jókòó kí n máa ṣe kí ni?"

"Kí o jókòó."

Ẹ̀yin ọmọ, ìyẹn le fún Ìbídùn ju ọṣẹ rírò lọ. Ó da omi. Ó ra òrí. Ó gbé ọmọ dojú bolẹ̀ lórí itan, ó sì jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi ọsàn, ó dá a padà. Ó fẹ́ já ewé, ó fẹ́ po osùn, ó fẹ́ fọwọ́ kan ojú egbò bóyá ó ti gbẹ. Nígbà tí kò mọ ohun tí òun lè ṣe mọ́, orin ìkòkò ló fi ń rẹ ọmọ.

— Jẹ́ ó sùn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ní ọjọ́ keje, ìyá ọkọ rẹ̀ dé. Kó tó sọ ẹrù, Ìbídùn ti kúnlẹ̀. "Ìyá, mo ṣí i. Mo fi wẹ ọmọ."

Ìyá gba ọmọ, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Awọ tó kú ti ṣí kúrò, tuntun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń dán, ó sì ti ń padà sí àwọ̀ ara ọmọ. Ó wò ó pẹ́.

"Kí lo fi sí i?"

"Òrí, Ìyá."

"Òrí nìkan?"

"Òrí nìkan. Mo la ọsàn wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n n ò fún un."

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àpá ẹ̀yìn ọkọ rẹ kò bá a wáyé," ló wí. "Ọjọ́ kẹrin ni èmi ṣí ìkòkò tèmi. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bó, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ìtìjú ni mo fi irọ́ bò láti ọjọ́ yìí wá. Ká ní mo ti fi àpá yẹn hàn ọ́ lọ́jọ́ tí o wọlé yìí, o kì bá tí fọwọ́ kan ọmọrí."

Nígbà náà ni Ìbídùn tó sunkún. Àwọn méjèèjì ló sun ún, ọmọ sì ń wò wọ́n.

"Alángbá ńkọ́?" ni Ìdòwú béèrè.

"Mo ti ń retí ẹni tí yóò bi mí."

Nígbà tí Ìyá se ọṣẹ mìíràn, ó pe Alángbá níṣojú gbogbo ilé. "Mo gbọ́ pé ìwọ ló ń bá wa tọ́ ọṣẹ wò. Ó yá, tọ́ ọ." Ojú ti Alángbá láti sọ pé òun kò tọ́ ọ rí. Ó yọ ahọ́n, ó fi kàn án. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé orí sókè tó ń gbé e sílẹ̀ lórí ògiri, kò sì lè sọ ohun tó ń ta á. Eléérú ni eérú ń tọ̀.

Àsákẹ́ dàgbà, kò sí àpá lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà se ọṣẹ. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ bo ìkòkò tirẹ̀, Ìbídùn ní kí bàbá Àsákẹ́ bọ́ ẹ̀wù, kí ọmọ rí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ohun tí àlọ́ mi kọ́ wa kò le. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ara kì í fẹ́ oògùn méje lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fún un ní ọ̀kan tó tù ú, kí ẹ sì fún un láyè. Àgbà tó bá sì ní àpá, kó fi han ọmọdé. Ṣijúadé, ọwọ́ rẹ dà?"

"Mo jókòó lé e, Ìyá Àgbà."

"O káre. Ibi tí mo sin àlọ́ mi dé nìyí. Bí mo bá parọ́, kí ọṣẹ tí n ó fi wẹ̀ lọ́la má hó."

"Yóò hó o, Ìyá Àgbà."