Ìdí Tí Ẹyẹ Irin Fi Ń Ké Kí Ó Tó Dé

Nígbà láéláé, nígbà tí àdó kò tíì mọ iṣẹ́ mìíràn ju kí ó gbé oògùn lọ, àwọn ẹyẹ àti àwọn ẹran ilẹ̀ ń jà nítorí odò kan. Àwòdì, balógun àwọn ẹyẹ, ní kí wọ́n rọ ẹyẹ irin kan tí a kò rí irú rẹ̀ rí.

Gbogbo wọn bọ́ sí ilé arọ. Àkàlàmàgbò ń fẹ́ ẹwìrì. Àkókó ń lu ihò sára irin. Ìyá Ẹ̀gà ń hun okùn irin sí i nínú. Òwìwí sì kọ́ ọ bí a ṣe ń fò láìfọhùn.

Nígbà tí wọ́n parí, gbogbo wọn yí i ká, wọ́n ń wò ó. Apá rẹ̀ kan bo àgbàlá. Ara rẹ̀ ń dán yinrin bí omi. Ó gbéra, koríko kò mì. Baba Igún, àgbà wọn, wólẹ̀ fún un, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun wólẹ̀.

Àwòdì ní kí wọ́n rọ ẹ̀tù sínú àdó, kí wọ́n sì kó wọn sí ikùn ẹyẹ náà.

Láyé ìgbà náà, àdó kì í jẹ́ iṣẹ́ láìgbọ́ orúkọ. A gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹni tí a rán an sí, àti ti ìyá ẹni náà, sí i létí.

Igún béèrè pé, “Orúkọ ta ni kí a pè?”

“Wọ́n pọ̀ jù,” ni Àwòdì wí. “Ta ni yóò máa wádìí ìyá eku? Ẹ sọ fún un pé kí ó má béèrè orúkọ mọ́.”

“Àwòdì, àdó tí kò bá béèrè orúkọ, kò ní béèrè tìrẹ náà.”

“Baba, ìyẹ́ ti tán lórí yín. Ẹ má jẹ́ kí ọgbọ́n tán níbẹ̀ pẹ̀lú.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹ̀gà kò rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ ń sàba nínú koríko ní ìsàlẹ̀ odò, nítòsí ilé Òkété.

“Balógun, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi wà níbẹ̀.”

“Ogun kò mọ ọmọ ẹnì kan,” ni Àwòdì wí.

Ìyá Ẹ̀gà wọ inú ẹyẹ irin lọ bí ẹni tí ó fẹ́ fún okùn le. Ariwo nìkan ni ó ní. Ó pín ohùn rẹ̀ sí méjì, ó sì di ìdajì mọ́ okùn àyà ẹyẹ náà. Ìdajì tí ó kù ni ó ṣì ń dí wa létí títí dòní.

Ẹyẹ irin gbéra, ó sì bú ramúramù. Ọ̀run mì. Àwọn ẹran gbọ́ ọ láti òkèèrè. Òkété gbẹ́ ilẹ̀ wàràwàrà, ó ké sí ọmọ Ẹ̀gà pé, “Aládùúgbò, kó ẹyin rẹ, wọlé.” Wọ́n sá wọlé.

Àdó bọ́. Ilẹ̀ là. Iná jó títí odò tí wọ́n ń jà sí fi gbẹ. Ọmọ Ẹ̀gà yè.

Nígbà tí ẹyẹ irin ń padà bọ̀, àdó kan tí ó kù níkùn rẹ̀ yọ̀ bọ́ sórí igi àràbà tí Àwòdì tẹ́ ìtẹ́ sí.

“Ilé mi ni,” ni Àwòdì ń wí, “ilé Àwòdì ni.” Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún àdó pé kí ó má béèrè.

Láti ọjọ́ náà ni ẹyẹ irin ti ń ké kí ó tó dé, tí Òkété sì ń gbé inú ihò. Láti ọjọ́ náà ni Àwòdì ti ń yípo lókè, tí ó ń wo ilẹ̀, tí ó ń wá ilé rẹ̀. Àdó tí ó ń gbé ìwòsàn tẹ́lẹ̀ ni a wá ń pè ní àdó olóró. Bí ohùn ẹyẹ irin bá dé, ẹni tí ó rọ ọ́ àti ẹni tí a rọ ọ́ dè ni wọ́n jọ ń sá.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí kò bá ní béèrè orúkọ yín, ẹ má ṣe bá wọn rọ ọ́.