Bí Àwẹ̀ró Ṣe Gbé Ara Rẹ̀ Gòkè

Ní ìlú Ìdómọ̀, tó wà ní ẹsẹ̀ òkè, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìkòkò ni ó ń mọ. Bí ó bá mọ ìkòkò ọbẹ̀, ẹnu rẹ̀ a rí roboto. Bí ó bá mọ àmù, omi inú rẹ̀ a tutù nini. Láwọyin ọkọ rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ìbíyẹmí lorúkọ rẹ̀, ó sì ti lọ sílé ọkọ ní Orí-Àpáta, ìlú tó wà lórí òkè náà gan-an.

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró wà nínú kòtò níbi tó ti ń wa amọ̀, ni etí kòtò bá ya lù ú. Wọ́n fà á yọ láàyè, ṣùgbọ́n eegun ìbàdí rẹ̀ ti kán. Ẹgbẹ́yẹmí, àgbà tó ń to eegun nílùú náà, tò ó, ó dì í, ó sì ń fi òrí ra á títí ó fi jinná. Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò tún padà. Eegun ti jinná o, ṣùgbọ́n ìrora kò lọ. Bí Àwẹ̀ró bá jí láàárọ̀, ìbàdí a máa ta á bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un, a sì máa já lọ sí itan bí iná.

Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé ìrora kò ṣe é fi han ẹlòmíràn. Kò ní egbò, kò tiro. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ a máa sọ pé, "Àná ló ń mọ ìkòkò tó ń rẹ́rìn-ín, òní ló tún dùbúlẹ̀. Ìyàwó yìí ti rí ọgbọ́n tí yóò máa fi sinmi." Ọ̀rọ̀ yìí dun Àwẹ̀ró ju ìbàdí lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ara bá dẹ̀ ẹ́, a fẹ́ fi han gbogbo ayé pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ. A wa amọ̀, a gún un, a pọnmi, a mọ ìkòkò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní lè dìde. Yóò wà lórí ẹní títí wọn yóò fi ná ọjà tí wọn yóò sì tún un ná, ẹ̀rù a sì máa bà á láti mira, nítorí ó gbà pé gbogbo ìgbà tí ìbàdí bá ti ta òun, eegun náà ló tún ń kán. Bí ó bá ti sàn díẹ̀, a tún gbé iṣẹ́ bí ẹni tí ogun ń lé. Ọjọ́ rere wá ń ṣọ̀wọ́n, ọjọ́ burúkú ń gùn sí i.

Láwọyin ló mú un padà lọ sọ́dọ̀ Ẹgbẹ́yẹmí. Àgbà náà fọwọ́ tẹ ìbàdí rẹ̀ yíká, ó ní kí ó jókòó, kí ó dìde, kí ó rìn wá.

"Eegun yìí ti jinná," ni ó wí.

Omi bọ́ lójú Àwẹ̀ró. "Bàbá, ẹ̀yin náà rò pé irọ́ ni mò ń pa?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ń dùn ọ́. Ara rẹ ni, ìwọ lo mọ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi, ọmọ mi. Ajá tí olè bá ti wọ ilé rẹ̀ rí, ewé já, a gbó. Ẹyẹ fò, a gbó. Olè ti lọ, ajá kò tíì mọ̀. Bí ara rẹ ṣe rí nìyẹn. Gbígbó tó ń gbó kì í ṣe pé olè tún ti wọlé."

"Kí la máa fi pa á lẹ́nu mọ́?"

"N kò ní tàn ọ́, ó lè má dákẹ́ tán. Bí o bá ń bá a jà, yóò gbó sí i. Bí o bá ń sá fún un, yóò gbó sí i. Lọ́jọ́ tí ara bá yá, fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó rẹ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí kò bá yá, má dùbúlẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Dìde, kí o rìn dé ẹnu ọ̀nà. Máa fi aṣọ gbígbóná jó ìbàdí náà. Kí o sì la ẹnu sọ ohun tí o lè ṣe àti èyí tí o kò lè ṣe."

Kò rọrùn. Kí ó fi ìkòkò sílẹ̀ láìtíì mọ ẹnu rẹ̀ tán, tí ara sì ṣì lè ṣe é, ó ń ṣe é bí ẹni pé ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú rẹ̀. Ó wá àpótí gíga jókòó lé dípò kí ó máa lóṣòó. Bí ó bá mọ ìkòkò kan, a dìde, a rìn yí igi ìyeyè ẹ̀yìnkùlé ká. Láwọyin náà, kí ó tó lọ sóko láàárọ̀, a ti bá a gún amọ̀ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ọjọ́ orí ẹní ń dínkù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ìròyìn fi sọ̀ kalẹ̀ láti Orí-Àpáta pé Ìbíyẹmí ti bímọ. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìránṣẹ́ ní, "Ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti fọwọ́ kan ọmọ náà. Ó ní ọwọ́ ìyá òun lòun fẹ́ kó wẹ̀ ẹ́."

"Èmi yóò lọ," ni Àwẹ̀ró wí.

Àwọn àbúrò Láwọyin, Àjàgbé àti Ìṣọ̀lá, bú sẹ́rìn-ín. Ìjàkadì ni àwọn méjèèjì ń jà, kò sì sí ẹni tó ń dá wọn ní Ìdómọ̀. "Ìyá Ìbíyẹmí, ẹ̀yin kẹ̀, lórí òkè yìí?" ni Àjàgbé wí. "Ó dáa, àwa la máa gbé yín."

Wọ́n so ẹní mọ́ ọparun méjì, wọ́n tẹ́ Àwẹ̀ró sínú rẹ̀, wọ́n gbé e lé èjìká. Láwọyin gbé ẹrù tẹ̀ lé wọn. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, orin ni wọ́n ń kọ. Nígbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ga, orin dákẹ́. Ẹní ń fì síhìn-ín, ó ń fì sọ́hùn-ún, gbogbo bó sì ṣe ń fì ni ìbàdí Àwẹ̀ró ń ta, tó fi eyín di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Ara yìí mà wúwo o!" ni Ìṣọ̀lá wí, ó ń mí gúlegúle.

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ Àjàgbé yọ̀ lórí òkúta. Ọparun kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí Àwẹ̀ró yí gbirigbiri lọ sínú ọ̀gbun. Láwọyin ló ju ẹrù nù tó gbá a mú. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lórí àpáta.

"Ẹ jẹ́ ká padà," ni Àjàgbé wí. "Kò sẹ́ni tó lè gbé ara yìí gòkè."

Àwẹ̀ró wo òkè. Ó ń rí èéfín ààrò Orí-Àpáta. Ìbàdí rẹ̀ ń jó, ẹ̀rù sì ń bà á, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ tẹ ibẹ̀ yíká bí Ẹgbẹ́yẹmí ti í ṣe, ó rí i pé kò sí ohun tó kán. Ó na ọwọ́ sí Láwọyin, ó dìde.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọkọ mi. Ara mi ni. Ẹ jẹ́ kí n gbé e bí mo ṣe mọ̀ ọ́n gbé."

Ó rìn dé ìdí igi kan, ó jókòó. Ó mí kanlẹ̀, ó dìde, ó rìn dé òkúta kan, ó tún jókòó.

"Ìyá Ìbíyẹmí, agbára ṣì kù lára yín, ẹ jẹ́ ká máa lọ!" ni Ìṣọ̀lá wí.

"Torí pé ó ṣì kù ni mo fi jókòó."

Nígbà mìíràn, ìrora náà a dé láìpè é. A dúró, a fara ti àpáta, a dúró dè é kí ó rọlẹ̀, kò sì ní bínú sí i. Láwọyin ń bá a dúró, ó ń bá a jókòó. Kò sí ẹni tó ń lé wọn. Oòrùn ti rọ̀ nígbà tí wọ́n wọ Orí-Àpáta, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Àwẹ̀ró sì fi wọlé.

Ìbíyẹmí rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bú sẹ́kún. "Wọ́n ní ẹ kò ní lè wá!"

"Wọn kò bi mí," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ gbé àpótí gíga wá fún mi. Omi dà?"

Ó gbé ọmọ náà lé itan, ó wẹ̀ ẹ́, ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀, ó fi òróró pa á. Ọmọ ké, ó sín, ó sùn lọ fọnfọn. Ìbíyẹmí fara ti èjìká ìyá rẹ̀, ó mí irú èémí tí kò mí láti ìgbà tó ti lóyún. Ìbàdí Àwẹ̀ró ń dùn ún lọ́wọ́ kan, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò wá ibi tí yóò sá sí fún un.

Ní ìta, àwọn àgbà ìlú wá kí Láwọyin kú ewu ọ̀nà, wọ́n bá Àjàgbé tó dùbúlẹ̀ gbalaja, tó ń ra èjìká. Wọ́n bi í léèrè ohun tó dé.

"Èmi àti Ìṣọ̀lá ni," ni ó wí. "Àwa tí à ń gbé ọkùnrin ṣánlẹ̀, a gbé ara Ìyá Ìbíyẹmí, ó wúwo, a sọ ọ́ kalẹ̀. Alára gbé e fúnra rẹ̀, ó gbé e dé ilé."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Àwẹ̀ró gbọ́ nínú yàrá, ẹ̀rín tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé Ìdómọ̀, ó ti ibẹ̀ dé ibi gbogbo, ohun tó sì bí i nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí di òní pé: ara kì í wúwo kí alára má lè gbé e.