Bí Kòkòrò Inú Mọ́tò Ṣe Pàdánù Aṣọ Wọn

Nígbà láéláé, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ènìyàn tó mọ mọ́tò wà, àwọn ẹranko ló ń wà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Láyé ìgbà náà, àwọn kòkòrò àrùn, àwọn tí ojú ò rí lónìí yìí, ojú ń rí wọn kedere. Wọ́n kéré ju ọmọ jéró lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń wọṣọ. Àwọn kan wọ pupa bí epo, àwọn kan wọ àwọ̀ ewé, àwọn kan wọ àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n. Tí wọ́n bá tò sára nǹkan, ẹ ó rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ni.

Mọ́tò kan ṣoṣo ló wà ní ìlú Orí-Àpáta. Ọ̀bọ ló ni ín, òun náà ló sì ń wà á. Láràárọ̀, Ọ̀bọ á gbé garawa, á fọ òde mọ́tò náà, á nù ún títí á fi máa kọ mọ̀nà. Ẹ lè fi í wo eyín yín bíi dígí.

Inú rẹ̀ ńkọ́? Háà! Ọwọ́ Ọ̀bọ kì í dé ibẹ̀. Èèpo ẹ̀pà wà nílẹ̀. Ìyẹ́ wà lábẹ́ àga. Òógùn Ẹlẹ́dẹ̀ ti gbẹ mọ́ tìmùtìmù, ó ti le bí awọ.

Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, Ọ̀bọ á ní, "A kì í gbá inú mọ́tò! Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ẹni tó bá gbálẹ̀ lálẹ́, ire ló gbá síta? Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tò. Ẹni tó bá gbá inú rẹ̀, èrò ló ń gbá dànù."

Ta ló kọ́ ọ ní èèwọ̀ yìí? Àwọn Kòkòrò ni. Nígbà tí mọ́tò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ̀ ọ́, wọ́n wá bá a, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá awakọ̀," wọ́n ní, "gbà wá sínú ọkọ̀ rẹ. A ó tò sára sítíárì, a ó tò sára ọwọ́ ilẹ̀kùn, a ó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹwà wa ni èrò á máa wọ́ tẹ̀lé. Ohun kan la fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Má gbá ilé wa, má sì fọ̀ ọ́."

Ọ̀bọ gbà. Lóòótọ́, èrò sì dé. Wọ́n á wọlé, wọ́n á máa fọwọ́ pa àwọn Kòkòrò lára. "Ọ̀bọ, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ mà dára o!" Ọ̀bọ á gbé àyà síwájú bí ẹni tó jẹ oyè.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í wọ inú mọ́tò yẹn. Ológbò ni. Orí mọ́tò ló ń gùn, láàárín àwọn àpò iṣu. Ibi gíga wù ú, ó sì jẹ́ ẹni tí ara ń fu. Bí ẹ bá fún Ológbò ní ẹja, á gbóòórùn rẹ̀, á wo ojú yín, á tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ìfura loògùn àgbà.

Nígbà tó yá, àìsàn wọ ìlú Orí-Àpáta. Ẹni tó bá lọ sọ́jà tó bọ̀, á dùbúlẹ̀. Inú ń run Ewúrẹ́. Ojú Àgùntàn pọ́n, ó ń ṣe ipin. Ẹlẹ́dẹ̀ ń wúkọ́ débi pé ògiri ilé rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ìfura bá wọ ìlú pẹ̀lú. Aládùúgbò á máa bọ̀, wọ́n á yára da ìdérí bo ìkòkò ọbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá kí, á kọ́kọ́ ro ohun tó wà nídìí ìkíni náà kó tó dáhùn.

Pẹ́pẹ́yẹ tó ń din àkàrà ní ibùdókọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dì mú.

"Pẹ́pẹ́yẹ, kí lo fi sínú àkàrà?"

"Ẹ̀wà ni! Ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà! Kí ni ẹ fẹ́ kó wà nínú àkàrà? Òkúta?"

Ṣùgbọ́n Pẹ́pẹ́yẹ wọ mọ́tò lọ ra ẹ̀wà, nígbà tó bọ̀, òun náà dùbúlẹ̀. Ẹjọ́ tirẹ̀ parí níbẹ̀.

Ni Ewúrẹ́ bá di ikùn mú, ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná. Nínú gbogbo wa, ta ni ara rẹ̀ le?"

Gbogbo ojú bá yí sí orí ògiri. Ológbò ló na ara rẹ̀ síbẹ̀, ó ń yá oòrùn, irun rẹ̀ ń dán.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń dán!" ni Àgùntàn wí.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún tó bá ń rìn," ni Ẹlẹ́dẹ̀ wí. "Kí ni ẹni rere ń yọ́ rìn sí?"

"Ojú rẹ̀ sì máa ń tàn nínú òkùnkùn. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́, ẹ ò gbọ́!" ni Ewúrẹ́ wí.

Wọ́n wọ́ Ológbò lọ síwájú Erin, Baálẹ̀ ìlú. Ológbò kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ológbò," ni Erin wí, "wọ́n ní ìwọ lò ń ṣe wá."

"Kí ẹ̀mí Baálẹ̀ gùn. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ mi, bàbá. Ta ni mo fọwọ́ kàn?"

Ewúrẹ́ já lu ọ̀rọ̀. "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà! Ẹni tó ń ṣe wá ò jìnnà sí wa."

Erin ju etí síwá, ó jù ú sẹ́yìn. Ó ní, "Títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni mo fún ọ. Bí o bá mọ ẹni tó ń ṣe wá, mú un wá. Bí o kò bá rí i mú wá, kó àwọn ọmọ rẹ, kí o fi ìlú yìí sílẹ̀."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ológbò bímọ sílẹ̀ nígbà náà, wọn ò tíì lajú. Òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́. Níbo ló fẹ́ gbé wọn gbà nínú igbó?

Ológbò délé, ó ká ara rẹ̀ yí àwọn ọmọ rẹ̀ po, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ayé. Kí ló dé tó jẹ́ pé Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ṣé Pẹ́pẹ́yẹ ń ṣàìsàn lóòótọ́, àbí ó ń díbọ́n? Erin fúnra rẹ̀ ńkọ́, tó ń ti ọwọ́jà gígùn yẹn bọ odò tí gbogbo ìlú ń mu? Ó fura, ó fura, títí tí kò fi ku ẹnì kan tó lè fura sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ Ewúrẹ́ bá padà wá sọ́kàn rẹ̀. Ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

"Ẹ̀fọ́ wo," ó bi ara rẹ̀, "ni gbogbo wọn jọ ń wà lórí rẹ̀? Ewúrẹ́ kì í jẹ ohun tí Pẹ́pẹ́yẹ ń jẹ. Àgùntàn kì í ra àkàrà. Ẹlẹ́dẹ̀, ta ló ń bá a jẹun pọ̀? Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń wọ inú mọ́tò. Orí rẹ̀ lèmi máa ń wà."

Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí Ọ̀bọ ń hanrun lábẹ́ igi, Ológbò gba ojú fèrèsé wọ inú mọ́tò, ó lúgọ sábẹ́ àga. Òórùn ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ó fọwọ́ bo imú. Ló bá gbọ́ orin tín-ín-rín:

Ọwọ́ gbé wa, a dé ẹnu,
Téréré.
Ẹnu gbé wa, a dé ikùn,
Téréré.
Òde ń dán, inú ń kún,
Téréré, ẹ má gbálẹ̀.

Àwọn Kòkòrò ni! Wọ́n ti sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Àgbà kan tó wọ pupa ń pín iṣẹ́ fún wọn.

"Ìwọ, ọwọ́ ta lo fẹ́ gùn?"

"Ọwọ́ Àgùntàn, bàbá. Bí mọ́tò bá já sí kòtò, á di ẹ̀yìn àga mú, màá bọ́ sí i lọ́wọ́. Tó bá fi ọwọ́ yẹn nu ojú, mo ti wọlé nìyẹn."

"Èmi ń dúró de Ewúrẹ́ lára ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ewúrẹ́ kì í fọwọ́ kó tó jẹ ẹ̀pà!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Irun Ológbò dìde gàgà. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Kí ló rí? Kékeré kan tó wọ àwọ̀ ewé ti gun orí rẹ̀, ó ń jó! Ológbò gbọn ọwọ́ pà, ó gba ojú fèrèsé bẹ́ jáde.

Ọjọ́ ọjà pé. Gbogbo ìlú pé sí ibùdókọ̀, ẹni tí kò lè dìde, wọ́n gbé e wá. Ológbò dé pẹ̀lú omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú, ọwọ̀ àti ìgò ọtí ògógóró kan.

Ẹlẹ́dẹ̀ la ojú. "Ṣé ọtí lo fẹ́ fi bẹ̀ wá ni? Gbé e wá síbí ná."

"Kì í ṣe ti ọ̀fun rẹ," ni Ológbò wí. "Mọ́tò ló fẹ́ mu ún."

Ọ̀bọ bá fò dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Kò sẹ́ni tó máa gbá èrò mi dànù! Ológbò ajẹgbodò tó ń wá ẹni kúnra, o ti pa wọ́n tán, o tún fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́!"

"Bọ̀ọ̀dá Ọ̀bọ," ni Ológbò wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "níbo ni àwọn èrò náà wà?"

Ọ̀bọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo èrò rẹ̀ ló wà lórí ẹní. Ó fẹ́ fèsì, ikọ́ gbé e.

"Láti ìgbà wo nìwọ náà ti ń wúkọ́, bọ̀ọ̀dá?"

Erin fọn ọwọ́jà rẹ̀. "Ọ̀bọ, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ológbò ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé. Ó kó rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ síta, ó gbọ̀n wọ́n, ó gbá èèpo ẹ̀pà àti ìyẹ́ kúrò. Ó wá ki aṣọ bọ omi ọṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀: sítíárì, jíà, ẹ̀yìn àga, bẹ́líìtì, títí dé ọwọ́ ilẹ̀kùn tí gbogbo ayé ń dì mú.

Ariwo bá sọ. "Ọ̀bọ! Ọ̀bọ o! Ìwọ lo ṣèlérí pé o ò ní fọ ilé wa!"

Gbogbo ìlú yíjú sí Ọ̀bọ.

"Ọ̀bọ," ni Àgùntàn wí, "ìlẹ̀kẹ̀ rẹ ń sọ̀rọ̀?"

"Ó sì dárúkọ rẹ," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

Ọ̀bọ jókòó sílẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.

Ológbò da ọtí sára aṣọ mìíràn, ó fi pa gbogbo ibẹ̀. Ewúrẹ́ ní kó yára nù ún kúrò. Ológbò ní, "Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó wà lára rẹ̀ ná, kó gbẹ fúnra rẹ̀. Olè tí a ò tíì nà dé egungun, ibi tó ti jalè náà ló ń padà sí."

Nígbà tí ọtí mú wọn lára, aṣọ àwọn Kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Omi ṣàn jáde láti inú mọ́tò, ó pupa, ó ní àwọ̀ ewé, ó ní àwọ̀ ìyeyè. Ọ̀pọ̀ wọn kú síbẹ̀. Àwọn tí kò kú sá lọ ní ìhòòhò. Háà, ẹ̀yin ọmọ mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà! Aṣọ wọn nìkan ni ojú ti ń rí látọjọ́ yìí. Ìhòòhò wọn, kò sójú tó lè rí i.

"Wọ́n ti tán!" ni gbogbo ìlú ké. Erin ní kí Ológbò àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa gbé Orí-Àpáta títí ayé. Ewúrẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ẹ má bínú." Ológbò ní, "Mo ti gbọ́." Ṣùgbọ́n ó wò ó látòkè délẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ gbé àkàrà gbígbóná wá. Ológbò na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ ò tíì dé ibẹ̀ tó fi gbọ́ ẹ̀rín kékeré kan, láti inú àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Téréré…

Ó wo ọwọ́ náà. Kò rí nǹkan kan. Ó yí i padà, kò rí nǹkan kan. Omi sì ti tán nínú garawa, ọṣẹ ti tán. Ló bá yọ ahọ́n, ó lá ọwọ́ náà fínnífínní, èékánná lẹ́yìn èékánná, kó tó fọwọ́ kan àkàrà.

Láti ọjọ́ náà ni kòkòrò àrùn kò ti ṣeé fojú rí mọ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í wo dídán òde mọ́tò kó ní ó ti tó. Á gbá inú rẹ̀, á fọ̀ ọ́, á fi oògùn apakòkòrò nu gbogbo ibi tí ọwọ́ ń dé, bí ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ rí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn náà ni Ológbò ti ń lá ọwọ́ láàárọ̀ lálẹ́. Bí ẹ bá sì gbé e wọ mọ́tò, á máa ké kíkankíkan. Àwọn tí kò gbọ́ ìtàn yìí máa ń ní ariwo ẹ́ńjìnì ló ń bà á lẹ́rù.

Ẹ̀yin ò ní fi ahọ́n lá ọwọ́ tiyín o, ọṣẹ wà nílé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ ṣí àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ wò ó dáadáa.

Ṣé ẹ rí nǹkan kan?

Ẹ ò rí i? Hẹ̀n-ẹ́n. Èyí tí ẹ ò rí yẹn gan-an ni mo ń wí.