Kí Ni Ìyá Gólì Mọ̀?

"Ká tó lé kóòṣì, ká bi ìyá gólì."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Odò-Ìrókò máa ń wí. Bí ọkọ bá fẹ́ kọ ìyàwó nítorí ọbẹ̀ tó ń kan, wọn a ní kó lọ bi ìyá gólì. Bí ìjọ bá fẹ́ yọ olórí akọrin, bí ọ̀gá bá fẹ́ lé ọmọṣẹ́, ẹnìkan a wúkọ́, a ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti bi ìyá gólì?" Àlejò tó bá gbọ́ ọ a máa wò bọ̀ọ̀. Kí ló kan ìyá gólì nínú ọbẹ̀ tó kan? Kí tilẹ̀ ni ìyá gólì mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù, tí a ó fi torí kóòṣì lọ bi í léèrè? Gólì, ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kì í wo bọ́ọ̀lù, ni ọmọ tó ń dúró sẹ́nu ilé, tó ń fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù kó má baà wọlé. Ìyá rẹ̀ kò sí lórí pápá. Ìyá rẹ̀ wà nílé, ó ń dáná. Àbí kò dáná. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Odò-Ìrókò ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan, Ìrẹ̀pọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ìlú ló dá a sílẹ̀, ìlú ló ń bọ́ ọ, ìlú náà ló sì ń bú u. Nígbà tí nǹkan ń dára, bí wọ́n bá ti ń wọ pápá bọ̀ báyìí, àwọn obìnrin a máa kì wọ́n:

Ìrẹ̀pọ̀, ọmọ a-rìn-gbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò ní ṣe nǹkan,
Ọmọ a-sáré-lójijì bí ìjì ọ̀sán.
Ẹ tì wọ́n, wọn ò yẹ̀. Ẹ gbá wọn, wọn ò wó.
Àlejò tó gbé ilẹ̀kùn wá bá wa ní Odò-Ìrókò,
Fèrèsé ni yóò gbé relé.

Abégúndé ni kóòṣì wọn, ẹni tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe níbòmíràn kí ìlú tó lọ bẹ̀ ẹ́ wá. Wọ́n fún un ní iyàrá méjì lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú, ibẹ̀ ló sì kó ìyàwó rẹ̀ sí. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìyàwó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nítorí náà, ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Abégúndé, orùlé ló ṣí kúrò lórí ọmọ jòjòló.

Ọdún náà, tí í ṣe ọdún kejì Abégúndé nílùú, ni Ìrẹ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù. Ìpàdánù náà sì ní bó ṣe máa ń rí. Ní ìlàjì àkọ́kọ́, àwọn ọmọ a gbá bọ́ọ̀lù, inú ìlú a dùn. Bí wọ́n bá sinmi tán tí wọ́n padà wọ pápá, ẹsẹ̀ wọn a wúwo bí ẹni tó wọ bàtà amọ̀. Dúródọlá, gólì wọn, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọjá tẹ́lẹ̀, a dúró, a máa wo bọ́ọ̀lù bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó já a sílẹ̀ lọ.

Kóòṣì rí i. Ó pe ọmọ náà lọ́jọ́ kan.

"Dúródọlá, ṣé ẹ̀ ń jẹun kẹ́ ẹ tó wá?"

"A dúpẹ́, sà."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í purọ́ fún àgbà, kì í sì í tú àṣírí ilé. Kóòṣì gbà pé ó jẹun. Ó rò pé èémí àwọn ọmọ ni kò tó, ló bá fi eré sísá kún eré sísá. Láàárọ̀, kí wọ́n yí pápá ká. Nírọ̀lẹ́, kí wọ́n gun òkè lọ sídìí táńkì omi ìlú, kí wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n tún gùn ún. Ohun tí olóye máa ṣe nìyẹn, bí kò bá tíì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan, àwọn ọmọ Ìdó-Ọ̀pẹ wá nà wọ́n mọ́lé. Bọ́ọ̀lù tó wọlé kẹ́yìn kì í ṣe bọ́ọ̀lù rárá. Ó ń yí gbirigbiri bọ̀ bí ọsàn tó bọ́ lórí igbá, ó sì gba àárín ẹsẹ̀ Dúródọlá kọjá. Ìlú ké. Wọn ò tilẹ̀ bú gólì. Kóòṣì ni wọ́n kọjú sí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ olólùfẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ pé jọ sábẹ́ àtíbàbà Alàgbà Olúgbóyè, alága wọn. Pákó ni alàgbà ń tà, orí pákó náà ni gbogbo wọn jókòó sí. Wọ́n ránṣẹ́ pe kóòṣì. Ó wá, ó jókòó sí ìparí pákó kan, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

Láwàní onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ mi ò gùn. Kóòṣì yìí ò mọ bọ́ọ̀lù. Kó máa lọ."

"Láwàní, rọra," ni Bàbá Ṣúlè wí, awakọ̀ àtijọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. "Ọdún tó kọjá, ìwọ lo gbé e sí èjìká káàkiri ọjà. O ní irú ẹ̀ ò sí."

"Ọdún tó kọjá nìyẹn, Bàbá. Èjìká ti ń dùn mí báyìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kóòṣì náà fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ta lẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀?" ni Bàbá Ṣúlè bi wọ́n. "Ẹni tó bá máa sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, kó ti mọ ibi tí yóò gbé e kà."

"Ẹnikẹ́ni! Èmi gan-an á ṣe é ju báyìí lọ."

"Ìwọ? Ìwọ tó o bá gẹrun fúnni, tí ọwọ́ ọ̀tún kì í bá tòsì dọ́gba? Orí ẹyọ kan ò tíì gún lọ́wọ́ ẹ, mọ́kànlá lo fẹ́ gbà!"

Ẹ̀rín tún pọ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Ìdí tí kò fi pẹ́ ni pé Alàgbà Olúgbóyè gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ ká fi àwàdà sílẹ̀. Àwa ti ṣe tiwa. A gbàdúrà. A gbààwẹ̀, Ẹlẹ́dàá sì mọ̀ pé a gbà á. Bí a bá ṣe gbogbo èyí tí a ò sì borí, a jẹ́ pé ibi tó kù ni àléébù wà."

Gbogbo ojú yí sí ìparí pákó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ààwẹ̀ yẹn. Nígbà tí Ìrẹ̀pọ̀ kọ́kọ́ pàdánù, alàgbà kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Alfa Sàlámì sì kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, nítorí ìlú kan náà ni wá: kí gbogbo ilé Ìrẹ̀pọ̀ gbààwẹ̀ ní Sátidé tí bọ́ọ̀lù bá wà, láti ìdájí títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí a bá pàdánù, kí a fi ọjọ́ kan kún un. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ́ jáde, nítorí ààwẹ̀ tí a bá fi ń yangàn ti gba èrè rẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Òótọ́ ni, Ìwé Mímọ́ wí bẹ́ẹ̀. Àdúrà ni mo fi ń jí, àdúrà ni mo fi ń sùn, n kò ní bá ààwẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ tí ẹnìkan ò gbọdọ̀ bi ẹnìkejì léèrè, Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tó ń gbà á. Kóòṣì ò sí nílé lọ́sẹ̀ tí wọ́n kéde rẹ̀. Ó lọ mú ìyàwó rẹ̀ bọ̀ láti ilé ìyá rẹ̀, níbi tó ti lọ bímọ. Nígbà tó dé, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni.

"Kóòṣì," ni alàgbà wí, "ṣé o ní nǹkan sọ?"

Abégúndé dìde. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Àwọn ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Nǹkan kan ń ṣe wọ́n, mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mi ò bá sì mọ̀, mi ò lè tún un ṣe." Ó jókòó padà.

"Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́!" ni Láwàní ké. "Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n! Ẹni tó bá ní kó máa lọ, kó nawọ́!"

Ọwọ́ yọ lọ́tùn-ún, ọwọ́ yọ lósì. Alàgbà wò wọ́n yíká. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Kóòṣì, ẹgbẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún gbogbo..."

Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí obìnrin kan fi wọlé, tó kúnlẹ̀ lórí ìyẹ̀fun pákó. Ìyá Dúródọlá ni.

"Ẹ kú ìpàdé o, ẹ̀yin bàbá. Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ìbéèrè kan péré ló gbé mi wá."

"Ìyá gólì!" ni Láwàní wí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. "Ẹ bá wa sọ fún gólì yín kó máa lajú o!"

"Ojú ẹ̀ ò fẹ́ là, ọmọ mi. Ohun tó gbé mi wá náà nìyẹn." Ó kọjú sí alàgbà. "Bàbá, ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yìí ni. Ẹ ní bí a bá pàdánù, ká fi ọjọ́ kan kún un. A bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé. A fi Jímọ̀ kún un, a fi Ọjọ́bọ̀ kún un, à ń padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí a fi dé Mọ́ńdè. Àná, wọ́n tún pàdánù. Bàbá, Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ṣẹ́ kù. Ṣé ká gba òun náà ni, àbí ti Olúwa ni? Bí wọ́n bá sì tún pàdánù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ wo la ó fi kún un?"



"Ta... ta ló ń gbààwẹ̀ náà nílé yín?" ni alàgbà bi í.

"Dúródọlá ni, àti èmi. Òòyì kọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀rọ omi láàárọ̀ yìí, ó ṣubú. Mo ní kó fi ẹ̀kọ kan ẹnu, ó kọ̀. Ó ní kò ní jẹ́ nítorí ọ̀fun tòun ni ìlú á fi máa pàdánù."

Kóòṣì ti dìde. Fìlà rẹ̀ ti já bọ́. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Dúródọlá kì í jẹun lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù?"

"Lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù nìkan kẹ̀? Gbogbo wọn náà ni. Ìyá Múrí, Ìyá Táyélolú, gbogbo wa la jọ ń gbé oúnjẹ ọmọ pamọ́ di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Kóòṣì, ṣé ẹ̀yin kì í gbà á ni? Gbogbo ilé Ìrẹ̀pọ̀ ni wọ́n kúkú ní kó gbà á. Ṣé ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù á máa jẹun, kí àwọn tó ń wòran máa gbààwẹ̀ fún un?"

Kò fi bú ẹnikẹ́ni. Ó wo àwọn bàbá yíká, àánú wọn ṣe é. "Ẹ kú ìfaradà o. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ẹ̀yin náà. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Láwàní fi ọwọ́ kejì nu ẹnu. Epo àkàrà tó jẹ kó tó wá ṣì wà létí ẹnu rẹ̀. Bàbá Ṣúlè ní egbò inú, ó ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Oògùn tí alàgbà ń lò, ẹ̀yìn oúnjẹ ni dókítà ní kó máa lò ó. Kálukú ló rí ìdí tó yọ ọ́, kálukú sì gbà pé àwọn yòókù ń gbà á lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún àwọn ọmọ pé ti wọn yàtọ̀. Ta ló rò pé ó yẹ kí a sọ ọ́?

"Òkè ni mò ń ní kí wọ́n gùn," ni kóòṣì wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́. Òkè ni mò ń ní kí wọ́n gùn."

Bàbá Ṣúlè mí kanlẹ̀. "Láwàní, ọwọ́ ẹ ṣì wà lókè."

Láwàní wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn yòókù ti gbé tiwọn sọ̀kalẹ̀ tipẹ́.

"Ẹ gbọ́ o," ni Bàbá Ṣúlè tún wí. "Láti òní lọ, ní ìlú yìí, ká tó lé kóòṣì, ká bi ìyá gólì."

Bí òwe náà ṣe délẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó Abégúndé kò di ẹrù. Àwọn Ìrẹ̀pọ̀ kò sì di kìnnìún lọ́jọ́ kan. Ọ̀mì ni wọ́n gbá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n wọ́n sá eré ìlàjì kejì bí wọ́n ṣe sá ti àkọ́kọ́, Láwàní sì sọ fún gbogbo ẹni tó jókòó sí àga rẹ̀ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kóòṣì náà dára. Ìdí nìyí tí ará Odò-Ìrókò, bó bá rí ẹni tí gbogbo ọwọ́ ń tọ́ka sí, fi máa ń bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé, ta ló sì pàṣẹ rẹ̀. Ìgbà mìíràn, ọwọ́ tó ń tọ́ka náà ló dé ìkòkò lọ́mọrí.

Ohun kan wà tí òwe kò sọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé yẹn, alàgbà àti kóòṣì tẹ̀ lé Ìyá Dúródọlá lọ sílé rẹ̀. Ọmọ náà sùn sórí ẹní lẹ́bàá ògiri. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wà ní ìgbèrí rẹ̀, abọ́ ṣì dé e lórí. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò dìde. Kóòṣì bẹ̀ ẹ́, ó ní, "A dúpẹ́, sà." Alàgbà Olúgbóyè, tí eékún rẹ̀ kì í kanlẹ̀ fún ẹnìkan bí kò ṣe Ẹlẹ́dàá rẹ̀, rọra kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà. Ó ṣí abọ́ náà fúnra rẹ̀, ó bó ewé kúrò lára ẹ̀kọ, ó gbé e sí iwájú ọmọ náà.

"Dúródọlá, ọmọ mi," ó wí, "jọ̀wọ́, jẹun."