Ìkòkò Aró Àríyìíkẹ́

Ẹfúnyẹlá mọ aṣọ í rẹ láró, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ní ìlú Ìdí-Ẹ̀lú, òun nìkan ló gbà láti kọ́ Àríyìíkẹ́ níṣẹ́, ọmọbìnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gbé nǹkan. Bí ọmọ náà bá ka nǹkan dé ẹẹ́ta, oókan ni yóò tún padà sí. Àwọn ọ̀rẹ́ Ẹfúnyẹlá ní agbọ̀n ló fi ń pọnmi.

Kíkà sì ni gbogbo iṣẹ́ aró nígbà náà: iye igbá eérú, iye igbá omi, kí ewé ẹ̀lú tó wọ inú ìkòkò. Bí eérú bá pọ̀ jù, aṣọ á jẹra; bí kò bá tó, aró kò ní mú. Ìkòkò tí Àríyìíkẹ́ bà jẹ́ kò lóǹkà. Níkẹyìn, Olórí Aláró fárígá.

"Ẹfúnyẹlá, bó bá tún ba ọ̀kan jẹ́ lọ́jọ́ tí a ó dán an wò lójú ìlú, kó máa lọ ṣẹ́gi. A ò fẹ́ ẹ nídìí aró mọ́."

Àríyìíkẹ́ bú sẹ́kún, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ràn láyé tó aró.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń já ẹ̀lú lóko, ọmọ náà ya koríko, ó sì kígbe.

"Ìyá, ẹ wá wò ó! Ilé eku! Ó bá a mu gẹ́lẹ́!"

Eku kékeré kan ló ká jọ sínú ìtẹ́ tí kò fẹ̀ jù ú, tí kò sì há mọ́ ọn. Ẹfúnyẹlá wò ó títí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín oko.

"Háà, èmi gan-an ni mò ń ba ìkòkò jẹ́! Orí tèmi ni mo fi ń wọn ọmọ ọlọ́mọ!"

Bó ti délé, ó gbé igbá ńlá kan, ó fi ọ̀bẹ ya ilà méjì sínú rẹ̀.

"Bu eérú dé ilà ìsàlẹ̀. Bu omi dé ilà òkè. Má kà á rárá."

Àríyìíkẹ́ ń ṣe é ní àṣetúnṣe, títí ó fi mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Olórí Aláró rí igbá náà.

"Èwo ni ti ilà? Kíkà la bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa!"

"Ẹ jẹ́ kí aró dáhùn, ìyá mi," ni Ẹfúnyẹlá wí.

Àríyìíkẹ́ pò ó lójú gbogbo wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí aró náà kan tó sì tó í rẹ aṣọ, ìlú tún pé jọ, ọmọ náà sì ki aṣọ funfun bọ̀ ọ́. Bó ti fà á jáde, ṣe ló rí bí ewé tútù. Ìyá tó bí i káwọ́ lérí. Àwọn èrò ní, "Ó tún ti bà á jẹ́!"

Àríyìíkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ dúró ná! Ẹ jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́!"

Ó na aṣọ náà sókè. Lójú wọn báyìí ni aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dú, tó fi ń dán. Ariwo ayọ̀ sọ! Olórí Aláró fúnra rẹ̀ di ọmọ náà mọ́ra, ó ní, "Àpótí ìjókòó rẹ wà nídìí aró láéláé. Láti òní, bí ọmọ bá ṣe rí la ó ṣe máa wọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún un."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ilé eku ṣe wọ ẹnu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.