Ìdí Tí Ìlú Fi Ń Dúró De Ìpínlẹ̀

Nígbà kan rí, nígbà tí ìkànnì orí ayélujára ṣì jẹ́ tuntun lójú wa, àwọn àpótí tó wà níbẹ̀ kì í dúró de ara wọn. Kálukú ń sọ tirẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ìkànnì kan wà tí àwọn ènìyàn fi ń wá dókítà ẹran. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Morádéyọ̀ ló kọ́ ọ. Ó fi àpótí méjì síwájú rẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Ìpínlẹ̀, àbúrò ń jẹ́ Ìlú.

Bí o bá fọwọ́ kan Ìpínlẹ̀, yóò la ẹnu, orúkọ ìpínlẹ̀ mẹ́rin yóò sì tò sílẹ̀: Òkè, Odò, Ọ̀dàn àti Etíkun. Bí o bá fọwọ́ kan Ìlú, gbogbo ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò tú síta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ yóò wá mú orúkọ kan lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan lẹ́nu àbúrò, ìkànnì yóò sì wá dókítà ibẹ̀ fún ọ.

Ìlú a sì máa fọ́nnu. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta orúkọ ló wà lẹ́nu mi," ló máa ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Mẹ́rin péré ni tìrẹ."

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn. Ìpínlẹ̀ kì í dá a lóhùn. Àgbà tó bá ń dá gbogbo ọ̀rọ̀ lóhùn kò ní ráyè jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ Ìyá Alájọkẹ́ ń rọbí, ọmọ kò sì jáde. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo tí obìnrin náà ní nìyẹn. Olókùúta ló ń gbé, ní Ìpínlẹ̀ Òkè, níbi tí ọkọ gbé e lọ láti ogójì ọdún. Ó mú fóònù, ó ṣí ìkànnì náà.

Ẹ sì mọ̀ wá. Bí wọ́n bá bi wá ní ìpínlẹ̀ wa, ti baba wa là ń dárúkọ, ì báà jẹ́ pé a kò débẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Alájọkẹ́ ṣe mú Odò, ìpínlẹ̀ baba rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan Ìlú, ó wá Olókùúta kàn láàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ó mú un. Ìlú kò bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ni wọ́n mú lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìkànnì wá Olókùúta títí ní Ìpínlẹ̀ Odò, kò rí i. Ó kọ ọ́ sójú fóònù pé: "Kò sí dókítà níbẹ̀."

Ìyá Alájọkẹ́ gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdáhùn kan náà ni. Ó wá kọ̀wé ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkànnì: "Ẹ ní kò sí dókítà fún ewúrẹ́ mi. Ó ti ń rọbí láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Mi ò ní yé wá a. Ìyá Alájọkẹ́." Kò kọ nọ́ńbà fóònù, kò kọ orúkọ ìlú.

Morádéyọ̀ ka ìwé náà. Kò mọ ibi tí yóò rán ènìyàn sí. Òun náà bá lọ tẹ àwọn àpótí wò. Ó mú Etíkun lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ó mú ìlú kan tó wà ní Ìpínlẹ̀ Òkè lọ́wọ́ àbúrò. Àwọn méjèèjì gbà. Ìkànnì ní: "Kò sí." Ó mọ ibi tí ìṣòro wà.

"Ìlú," ló pè é, "bí a bá gbé ẹran kalẹ̀ nílé, ta ní ń kọ́kọ́ mú?"

"Àgbà ni."

"Nígbà náà, dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ. Orúkọ tó bá wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ tí wọ́n mú lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ni kí o máa mú jáde."

Ìlú fàáké kọ́rí. "Kí n pa ẹnu mọ́ títí olórúkọ mẹ́rin yóò fi sọ̀rọ̀? Mi ò ṣe."

"Èmi náà ò ní dìde lórí àga yìí títí wàá fi ṣe é," ni Morádéyọ̀ wí.

Ó kọ ìlànà náà, Ìlú tu ú jáde. Ó tún un kọ, Ìlú tún tu ú jáde. Ẹ̀kọ tó fẹ́ fi ṣínu ti dì gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà karùn-ún ni Ìlú gbé e mì.

Ìyá Alájọkẹ́ padà wá. Ó tún mú Odò. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ìlú Odò nìkan ni Ìlú kó jáde. Ó wá Olókùúta lókè, ó wá a nísàlẹ̀. Níbi tó ti ń wá a, àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ Etídò, ìlú baba rẹ̀. Ó dúró.

"Ṣé kì í ṣe ilé baba mi ni mò ń mú yìí?" ló bi ara rẹ̀. "Òkè ni mo wà."

Ó yí Ìpínlẹ̀ padà sí Òkè. Ṣùgbọ́n Etídò ṣì wà lọ́wọ́ Ìlú, ó dì í mú. "Ohun tí mo ti mú kò ní bọ́," ni Ìlú ń sọ sínú. Ìyá Alájọkẹ́ kò wo ibẹ̀ mọ́ nínú ìkánjú. Ó ní kí ìkànnì wá dókítà. Ìdáhùn dé: "Kò sí."

Ìwé rẹ̀ kejì dé: "Mo ti yí i sí Òkè, ẹ ṣì ní kò sí. Ẹsẹ̀ ọmọ kan ti yọ."

"Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá yí ọ̀rọ̀ padà, tú ọwọ́," ni Morádéyọ̀ wí fún Ìlú. "Ohun tó bá ojú ti bá imú."

"Mi ò tú u."

Morádéyọ̀ kò jiyàn. Ó jókòó tì í fún wákàtí kan gbáko, ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ, ó ń tú ìka Ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tú èyí tó kẹ́yìn, Etídò já bọ́.

Ìyá Alájọkẹ́ kò tíì lọ. Ó mú Òkè, Ìlú kó àwọn ìlú Òkè jáde, Olókùúta wà níbẹ̀. Ìkànnì mú orúkọ Dókítà Agboọlá wá. Ẹ̀yìn ilé ìwé ní Olókùúta gan-an ló ń gbé. Kò pẹ́ tó fi gun alùpùpù dé.

Nígbà tó yá, ìwé kẹta wọlé. Morádéyọ̀ kà á sókè fún tẹ̀gbọ́n tàbúrò: "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ìyá ẹran yè. Ọmọ kejì yè, ó ti ń mu ọmú. Àkọ́kọ́ ti kú. Dókítà ní ká ní òun dé ní wákàtí kan ṣáájú ni, òun ì bá gbà á là."

Ìlú wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó mọ ibi tí wákàtí kan náà lọ. Ó dùn ún gan-an, ó sì da aṣọ aláwọ̀ eérú bora.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ni Ìlú ti ń wọ aṣọ eérú lójú ìkànnì. Bí o bá fọwọ́ kàn án, kò ní la ẹnu, àfi bí Ìpínlẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn náà sì ni, bí Ìpínlẹ̀ bá yí ọ̀rọ̀ padà pẹ́rẹ́n, ọwọ́ Ìlú ti ṣófo kí o tó wò ó.