Ère Ìyá Ojúọlápé

"Ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè." Kò sí ilé òkú tí a kì í ti í gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí òwe yìí ti ṣẹ̀ wá? Bí àwọn ìyá wa ṣe sọ ọ́ fún wa nìyí.

Ní ìlú kan lẹ́bàá igbó, láyé ìgbà tí ewé gbọ̀dọ̀gì ṣì bo orí gbogbo ilé, bí àgbàlagbà tó bímọ bá kú, wọn a gbẹ́ ère tó jọ ọ́, wọn a wọ̀ ọ́ láṣọ, wọn a gbé e yí ìlú ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ọmọ tó láárí.

Ojúọlápé ni orúkọ ìyá arúgbó kan tó ń gbé níbẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, Ògúnléye. Kò ní eyín kan lẹ́nu mọ́, síbẹ̀ ẹnu náà mú. Ata-ò-gbó ni àwọn ìyàwó ilé ń pè é. Lọ́dún kan, ọyẹ́ mú gan-an, ìyá sì ń gbọ̀n nínú àkísà kan ṣoṣo. Ojoojúmọ́ ló ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó wá kíjìpá kan fún òun. Ògúnléye a ní, "Ẹ ní sùúrù, ìyá mi. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Kò pẹ́, àìsàn dá ìyá dùbúlẹ̀. Fádáìró, agbẹ́gilére kan ṣoṣo tó wà lágbègbè náà, sì ń múra àjò ọdún méjì. Ẹ̀rù ba Ògúnléye pé bí ìyá bá kú lẹ́yìn àjò yìí, òun di ẹni ẹ̀sín. Ló bá ní kí Fádáìró gbẹ́ ère náà sílẹ̀.

Àfi bí ìyá kò ṣe kú. Nígbà tí ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó wọ́ lọ sí ìyẹ̀wù ọmọ rẹ̀ kó lè rí iná yá. Ó bá arẹwà obìnrin kan tó jókòó níbẹ̀, eyín rẹ̀ pé, iyùn kún ọrùn rẹ̀, kíjìpá tuntun mẹ́ta ló ró lé ara wọn. Ìyá kí i lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn.

"Ògúnléye," ni ìyá pe ọmọ rẹ̀ tó ń wọlé bọ̀, "ìyàwó tó o gbé wá yìí kò lẹ́kọ̀ọ́."

Ògúnléye dorí kodò. "Ẹ̀yin ni, ìyá mi."

Ìyá wo ère náà títí. "Mo ti rẹwà tó báyìí, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Ó dáa, òtútù kì í mú igi. Bọ́ ọ̀kan fún mi nínú aṣọ rẹ̀."

"Aṣọ òkú ni, ìyá mi. Èèwọ̀ ni kí alààyè ró o."

"Ṣé kí n tètè kú ni, kí aṣọ mi lè kàn mí?"

Ògúnléye tún aṣọ ère náà ṣe. Ìyá rọra kọjú sẹ́nu ọ̀nà. "Mo ti gbọ́. Ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè."

Ọyẹ́ kò tíì lọ tí ìyá fi kú, nínú àkísà rẹ̀. Ère rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí ìlú fi pa iṣẹ́ tì wá wò ó. Àwọn ìyàwó ilé sunkún, wọ́n ń pè é ní Ìyá Olóyin. Ìlú yin Ògúnléye ní ọmọ rere, ojú sì tì í láti dúpẹ́.

Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí ọmọ tó ń ra pósí olówó ńlá fún ìyá tí kò bẹ̀ wò nígbà àìsàn, òwe yìí ni wọ́n ń pa. Wọ́n sì ń fi tu ẹni tí aráyé ń bú nínú: kó fara balẹ̀, ìyìn rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, kò kàn níí bá a nílé ni.